Orí Kẹrin: Iná Osùn Lórí Ìwé Màmá

Omi ti dé kókósẹ̀ wa kí Ayẹ̀wéwò tó bẹ̀rẹ̀ sí í yin Màmá Fadérera.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Màmá," ni ẹ̀rọ náà wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí èmi fúnra mi yàn fún un. "Ìwé yín pé. Kò kù síbì kan. Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún yín ní ọgbọ́n."

Iná ewé, iná àwọ̀ ewé tó ń sọ pé ìwé yege, tàn lókè orí rẹ̀. Ṣíjúwadé, igbákejì mi lẹ́nu iṣẹ́, gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó wo bàtà rẹ̀ tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀, ó wo iná, ó tún wo bàtà.

"Àǹtí Ìbí," ó ní, "ṣé ìwé náà pé lóòótọ́?"

Ọpọ́n ìdánwò ni mò ń wò. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọpọ́n yẹn: ilẹ̀kùn òkun kékeré lápá ọ̀tún, ilẹ̀kùn oko kékeré lápá òsì, ìrẹsì gidi mẹ́rìnlélógún tí mo gbìn sínú ẹrẹ̀ gidi. Iṣẹ́ Ayẹ̀wéwò ni kó mú ìwé ìlò tí ẹnikẹ́ni bá kọ fún ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn ilẹ̀kùn wa, kó ṣe ohun tí ìwé wí nínú ọpọ́n bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan rí, kó sì sọ ibi tí ìwé ti ṣini lọ́nà. Ó ti ṣe é. Ó dé ìgbésẹ̀ keje, ó ṣí ilẹ̀kùn òkun nígbà tí ti oko ṣì wà ní ṣíṣí, gẹ́lẹ́ bí Màmá ṣe kọ ọ́. Omi iyọ̀ ya wọ oko, ó kún ọpọ́n, ó dà sílẹ̀, ó sì gbá ìrẹsì mi lọ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbà yẹn ló wá ń kí Màmá kú iṣẹ́.

Sùwẹ́bà jókòó lórí àga ìgbàlejò lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí àpótí ìbejì tó gbé wá láti Ìtẹ̀dó. Àwọn ará Ìtẹ̀dó kò tíì pé ọdún kan lórí ilẹ̀ tuntun wọn. Wọ́n ti ra ilẹ̀kùn omi bíi tiwa, wọ́n sì rán an wá gba ètò tó ń darí rẹ̀ àti ìwé ètò náà. Òfin Ìbejì kò jẹ́ kí ọ̀kan rìnrìn àjò láìsí èkejì. Ihò méjì ló wà nínú àpótí náà, ọ̀kan fún ètò, ọ̀kan fún ìwé, kò sì ní tì títí ìwé á fi ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti èdìdì iná ewé. Ètò ni Táíwò tó ń sáré jáde. Ìwé ni Kẹ́hìndé, òun sì ni ẹ̀gbọ́n.

"Mo rò pé iná ewé túmọ̀ sí pé mo lè máa lọ," ni Sùwẹ́bà wí. "Ọkọ̀ mi á ṣí nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ní aago mẹ́rin. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí omi ṣe máa ṣe ní oko tiwa náà nìyẹn?"

"Rárá o," ni Ṣíjú yára fèsì. "Ìdánwò ni."

"Mo rí i pé ìdánwò ni," ni Sùwẹ́bà wí. "Ohun tí mo ń béèrè ni ẹni tó yege."

Aago kan ti lé díẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi, mo sì kọjú sí ẹ̀rọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

"Ayẹ̀wéwò, kí ló ṣẹlẹ̀ ní ìgbésẹ̀ keje?"

"Omi iyọ̀ wọ oko."

"Ṣé ó dáa kí omi iyọ̀ wọ oko?"

"Kò dáa rárá. Ìrẹsì á kú."

"Kí ló wá dé tí o tan iná ewé?"

"Màmá ló kọ ọ́," ni Ayẹ̀wéwò wí, bí ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ṣíjú ti ìwé tirẹ̀ sí i lẹ́nu, ìyẹn ìwé kékeré kan tó kọ lórí bí a ṣe ń fọ asẹ́ omi. Kíá ni ẹ̀rọ náà tan iná osùn, iná pupa tó ń sọ pé àṣìṣe wà. "Ìwọ Ṣíjúwadé," ó ní, "àṣìṣe mẹ́rìnlá." Ó ka gbogbo rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Mo ti ìwé tèmi náà sí i, mẹ́jọ ló rí. N kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ pé mo ju Ṣíjú lọ ni àbí kí n bú sẹ́kún.

"Ta ló kọ́ ọ pé ìwé Màmá kì í ní àṣìṣe?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yin ni. Ẹ kó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò fún mi kí n fi kọ́gbọ́n, gbogbo ohun tí àwọn ará ìlú yìí ti kọ sí ìwé ara wọn láti ogún ọdún. Ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá nínú wọn jẹ́ ti ìwé àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. N kò rí ẹyọ kan tó sọ pé àgbà ṣe àṣìṣe. Ẹ kú iṣẹ́ ni gbogbo wọn. Mo wá rí i pé àgbà kì í ṣe àṣìṣe."

Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Mo ní kí ẹ̀rọ náà fi àwọn àkọsílẹ̀ lórí ìwé Màmá hàn mí, wọ́n sì tò sórí ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ kú làákàyè. Ìwé yìí dùn ún kà, mà. Mo ka méje kí n tó dé èyí tó jẹ́ ọwọ́ ìkọ̀wé tèmi, ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, lórí ìwé yìí gan-an: "Mi ò ní nǹkan kan láti fi kún un, Màmá. Ẹ̀mí yín á gùn."

Mo rántí ọjọ́ náà. Mo rí ìgbésẹ̀ keje lọ́jọ́ náà, mo sì mọ̀ pé kò dáa. Nígbà tí Màmá kọ ìwé náà, adágún ńlá kan wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, ó máa ń gbé omi òkun mì, kò sì sẹ́ni tó bìkítà èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n fi erùpẹ̀ di adágún náà pa. Àwọn tó ń tún ètò ṣe fi ọ̀sẹ̀ kan tún un ṣe. Ìwé wà bó ṣe wà. Mo fi ọwọ́ mi kọ "ẹ̀mí yín á gùn" sí i, mo sì fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, mo ní, "Tí ẹ bá dé ìgbésẹ̀ keje, ẹ yí i padà. Ti oko ni kí ẹ kọ́kọ́ tì." Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èmi ni ẹni kẹfà tó máa wá sọ ọ́.

Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ẹnu ni a fi ń tún ìwé Màmá ṣe. Màmá nìkan ni kò mọ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò le," ni Ṣíjú wí. Ó ti bọ́ bàtà, ó ń fún ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. "Ká sọ fún Àǹtí Sùwẹ́bà kó yí ìgbésẹ̀ keje padà tó bá délé. Bí a ti ń ṣe é náà nìyẹn."

"Mo ti gbọ́ ọ," ni Sùwẹ́bà wí látorí àga rẹ̀. "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́wàá ló máa máa gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ara wọn lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan á ṣàìsàn, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kan á bímọ, àbúrò rẹ̀ á bá a ṣe é. Ìwé ni wọ́n á máa wò. Ẹnu mi ò lè wà níbẹ̀ lójoojúmọ́." Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sínú omi, ó dìde. "Igba ìdílé ló gbin ìrẹsì oko wa. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a kórè rẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ ò sí nílé mọ́."

"Ká yọ orúkọ Màmá kúrò, kí Ayẹ̀wéwò lè sọ òótọ́," ni Ṣíjú tún wí.

"Àpótí ò ní gba ìwé tí ò lórúkọ," ni mo wí. "Kò sì sí ìka tó lè tún ọ̀rọ̀ kan ṣe nínú rẹ̀ àfi ìka Màmá. Òfin kan náà ni."

"Ẹ fún mi ní ẹyọ kan," ni Ayẹ̀wéwò dá sí i. A ò bi í léèrè. "Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí ọmọdé ti sọ àṣìṣe àgbà fún un, tí ọmọdé tẹ ìka sí i, tí àgbà náà tẹ ìka sí i. N ó kọ́ ọ. N kò kàn tíì rí irú rẹ̀ rí ni."

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ẹsẹ̀ mi fi wúwo bí mo ṣe ń lọ sílé Màmá, mo ní láti sọ irú ọjọ́ tí ọjọ́ náà jẹ́. Màmá Fadérera pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi kọ ìwé ìlò fún Ìta-Omi, ìlú wa, ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, iná osùn kò tàn lé ọ̀kankan rí. Ọjọ́ náà ló ń fẹ̀yìn tì. Alágbẹ̀dẹ ti wà lórí àtẹ̀gùn lẹ́bàá ilẹ̀kùn òkun láti àárọ̀, ó ń gbẹ́ orúkọ Màmá sára irin. Iná osùn kì í sì í tàn ní kọ̀rọ̀. Bó bá ti tàn lórí Ayẹ̀wéwò, á tàn lórí òpó gbàgede, gbogbo ìlú á sì gbọ́ orúkọ ẹni tó kọ ìwé àti ohun tó kọ tí kò dáa.

Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà tí mo gbé ìwé mi àkọ́kọ́ lọ bá a, ojú ewé méjìlá. Ó ka ìlà kan, ó ní, "Ìbíwùmí, ẹni tó ń ka ìwé ìlò, inú wàhálà ló wà. Má jẹ́ kó máa wá ọ̀rọ̀." Ojú ewé kan ló kù nígbà tó parí. Mo fẹ́ràn obìnrin náà gan-an. Mo sì bẹ̀rù rẹ̀, n ò ní parọ́.

Mo bá a lórí pèpéle ẹ̀yìn ilé rẹ̀, níbi tí omi ti ń kan igi, ó ń fọ́n oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo kí i, mo kí i kú ìpalẹ̀mọ́, mo kí i kú oòrùn, mo béèrè àlàáfíà àwọn pẹ́pẹ́yẹ.

"Àwọn pẹ́pẹ́yẹ wà dáadáa," ni Màmá wí. "Wọ́n ní kí o sọ ohun tó gbé ọ wá. Kí ló dé tí etí aṣọ rẹ tutù?"

"Omi ni, mà."

"Mo rí i pé omi ni. Omi ibo?"

Mo na wàláà mi sí i. Mo ti kọ àkọsílẹ̀ náà lójú ọ̀nà, mo ti pa á rẹ́, mo ti tún un kọ. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó kà á sókè: "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ìwé yìí dára púpọ̀. Bí àyè bá wà, bóyá ẹ lè fojú kan ìgbésẹ̀ keje."

Ó wo ojú mi. "Kí ló ṣe ìgbésẹ̀ keje?"

"Ó fẹ́ àtúnṣe díẹ̀, mà."

"Díẹ̀ báwo?"

Pẹ́pẹ́yẹ kan jáde látinú omi, ó gbọn ara rẹ̀ sí mi lára. Mo rò ó pé kí n ní kò sí nǹkan kan. Kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ìrẹsì igba ìdílé ló kọjá lójú mi, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kò dáa, mà," ni mo wí. "Ó ń kó omi òkun wọ oko. Láti ìgbà tí wọ́n ti di adágún ni."

"Láti ìgbà tí wọ́n ti di adágún," ni Màmá wí. "Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Oko wa ò tíì rí omi iyọ̀ rí láti ọdún mẹ́sàn-án."

"A máa ń yí i padà, mà. Àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. A máa ń sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu."

"Ẹ̀yin ta ni?"

"Gbogbo ìlú, mà."

Ó jókòó sórí àpótí oúnjẹ àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Lọ́dọọdún," ni Màmá wí, "tí òjò bá ti dá, tí wọ́n fa omi oko tán, tí ìrẹsì dúró ṣánṣán, mo máa ń lọ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Èmi nìkan. Mo máa ń ní, Fadérera, ìwé rẹ ló ṣe èyí." Ó mi orí. "Ìwé mi kọ́. Ẹnu yín ni."

"Ẹ má bínú, mà."

"Inú mi bà jẹ́. Má rò pé kò bà jẹ́." Mo wá rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé ẹkún ni, mo fẹ́ dìde. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín débi tí gèlè rẹ̀ fi yọ̀ sẹ́yìn tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì sá padà sínú omi. "Ọdún mẹ́sàn-án! Odindi ìlú! Làmídì tó máa ń tún ilẹ̀kùn ṣe, tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ dúró, òun náà pa á mọ́?"

"Làmídì ló sọ fún àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀, mà."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Èmi náà kò mọ ìgbà tí mo bá a dá sí i. Nígbà tó nu ojú tán, ó gbá wàláà náà mú, ojú olùkọ́ tí mo mọ̀ sì padà wá.

"Ìwé tèmi ní àṣìṣe, mo gbà. Èyí tí o kọ yìí ńkọ́? 'Bí àyè bá wà, bóyá ẹ lè fojú kan.' Ṣé àkọsílẹ̀ nìyí ni àbí ìkíni ọdún? Ẹni tó ń kà á ò mọ ohun tó bàjẹ́, kò mọ ibi tó ti bàjẹ́, kò mọ ohun tó máa fi rọ́pò rẹ̀. Pa á rẹ́."

Mo pa á rẹ́. Mo kọ òmíràn. Ó ní ó gùn. Mo kọ ẹ̀kẹta. Ó ní mo ti yọ ìkíni kúrò, ta ló sọ fún mi pé òótọ́ kì í kíni? Orúnkún mi ti ń dùn mí nígbà tí ẹ̀kẹrin tẹ́ ẹ lọ́rùn:

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ìgbésẹ̀ keje ní kí a ṣí ilẹ̀kùn òkun kí a tó ti ilẹ̀kùn oko. Adágún kò sí mọ́, nítorí náà omi iyọ̀ á wọ oko, ìrẹsì á kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ báyìí: Kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn oko. Dúró títí ariwo rẹ̀ á fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ṣí ilẹ̀kùn òkun."

Mo tẹ ìka sí i. Màmá fi etí aṣọ rẹ̀ nu ìka rẹ̀, ó tẹ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi.

"Dìde," ó ní. "Ká lọ."

"Màmá, ẹ lè tún un ṣe níbí. Ẹ ò ní láti jẹ́ kí iná osùn tàn. Bí ẹ bá tún ìgbésẹ̀ keje ṣe báyìí, kò ní sẹ́ni tó máa rí i."

Ó ti wọ bàtà. "Ṣé ìgbésẹ̀ keje nìkan ni o mọ̀ pé kò dáa?"

"Òun nìkan ni mo mọ̀, mà."

"Èmi náà ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ yẹn ló máa sọ fún wa. N kò fẹ́ kí ọmọ àwọn ará Ìtẹ̀dó máa fi ẹnu tún ìwé mi ṣe lẹ́yìn tí mo bá kú."

Nígbà tí a dé gbàgede, aago mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Àwọn èèyàn ti ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì, àwọn òrùlé tó ń gba iná lára oòrùn ti yí ojú sí ìwọ̀-oòrùn. Ṣíjú ti gbọ́n omi kúrò nílẹ̀, ó ti tún ìrẹsì mi gbìn sínú ọpọ́n, gbogbo rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dúró. Ó rí Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tútù lọ́wọ́.

Mo fún Ayẹ̀wéwò ní àkọsílẹ̀ náà. Ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi bó ọsàn kan ló fi wò ó.

"Ṣé ẹyọ kan tó?" ni mo bi í.

"Ó tó. Ó sọ ohun tí ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá yòókù fẹ́ sọ."

"Ó dáa," ni Màmá wí. "Yẹ ìwé mi wò."

Ọpọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Gbogbo wa gbé ẹsẹ̀ sórí àga ṣáájú ìgbésẹ̀ keje. Omi dà sílẹ̀, ìrẹsì mi tún lọ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, iná osùn sì tàn lórí Ayẹ̀wéwò, ó tàn lórí òpó gbàgede, pupa rokoṣo lójú ọ̀sán. Àwọn tó ń tẹ́ ẹní dá ọwọ́ dúró. Orúkọ Màmá Fadérera jáde lábẹ́ iná náà. Àwọn àgbàlagbà kan bo ẹnu.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ni Ayẹ̀wéwò wí, gbogbo gbàgede sì ń gbọ́. "Mo kúnlẹ̀ o, bí n kò tilẹ̀ ní orúnkún. Mo rí àṣìṣe mẹ́rin."

"Mẹ́rin," ni Màmá wí. "Kà á."

"Ìgbésẹ̀ kejì ní kí a wo àwòrán kẹta. Àwòrán méjì ló wà nínú ìwé. Ìgbésẹ̀ kẹrin jẹ́ gbólóhùn kan tó ní ọ̀rọ̀ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ẹni tí omi ti dé orúnkún rẹ̀ ò ní lè kà á tán. Ìgbésẹ̀ keje ń kó omi iyọ̀ wọ oko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn oko. Ìgbésẹ̀ kọkànlá ní bí ilẹ̀kùn bá há, kí a pe Làmídì. Mo ti pè é. Ó ní òun ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́fà, òun ń sin ewúrẹ́ lókè, kí a jẹ́ kí òun sinmi."

Sùwẹ́bà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ bò ó, kò ṣeé bò. Lẹ́yìn náà ni Màmá, lẹ́yìn náà ni gbogbo gbàgede, pàápàá àwọn tó mọ Làmídì.

"Ọ̀lẹ ni láti kékeré," ni Màmá wí. Ó fa àga kan, ó fi ìka ṣí ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó gé ìgbésẹ̀ kẹrin sí mẹ́rin. Ó yọ ọ̀rọ̀ nípa àwòrán kẹta kúrò nítorí kò rántí ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ní ìgbésẹ̀ kọkànlá, ó bi Sùwẹ́bà pé irin wo ló wà lọ́wọ́ wọn ní Ìtẹ̀dó bí ilẹ̀kùn bá há, Sùwẹ́bà sọ fún un, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbésẹ̀ keje ló ṣe kẹ́yìn. Ó kọ ọ̀rọ̀ mi síbẹ̀ láìyí ẹyọ kan padà, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Ṣíjú má baà rí ojú mi.

Ayẹ̀wéwò tún yẹ ìwé náà wò nínú ọpọ́n. Ilẹ̀kùn oko tì. Ariwo rẹ̀ dákẹ́. Ilẹ̀kùn òkun ṣí, omi sì fà lọ sí ọ̀nà tirẹ̀. Ìrẹsì mẹ́ta tí Ṣíjú rí padà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù dúró nínú ẹrẹ̀, omi iyọ̀ kò sì kàn wọ́n. Iná ewé tàn, a sì gbọ́ tí àpótí ìbejì tì pẹ̀lú ìró kékeré kan.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. A sin Sùwẹ́bà dé etí omi. Ó ti wọ ọkọ̀ kó tó yíjú padà.

"Màmá," ó ní, "mo máa sọ fún wọn nílé pé ìwé yìí ti gba iná osùn rí. Ọkàn wọn á balẹ̀ sí i."

"Sọ fún wọn," ni Màmá wí. "Bí wọ́n bá rí òmíràn, kí wọ́n kọ̀wé sí mi. Kí wọ́n má fi ẹnu tún un ṣe."

Ọkọ̀ náà bá omi lọ. Nígbà tí a yíjú padà, alágbẹ̀dẹ ń sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn rẹ̀, ó ń nu òógùn. Ó ti rí iná osùn lókè, kò sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

"Màmá, ṣé kí n máa bá iṣẹ́ lọ?"

"Lẹ́tà mélòó lo ti gbẹ́?"

"Mẹ́ta, mà. F, a, d."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí. "Àwọn ìwé mi ṣì ku ọgbọ̀n. N kò tíì ṣe tán."

Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ lára ilẹ̀kùn òkun títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn àlejò máa ń béèrè ohun tí lẹ́tà mẹ́ta náà túmọ̀ sí, àwa náà sì máa ń jẹ́ kí wọ́n béèrè dáadáa kí a tó dáhùn. Lọ́jọ́ náà, àwọn tó tẹ́ ẹní fún ìfẹ̀yìntì kò ká ẹní wọn. Wọ́n gbé oúnjẹ wọn wá sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n jókòó, nítorí wọ́n ní irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí, àwọn fẹ́ wò ó. Bàbá kan tó ti kọ ìwé ìlò fún iná ojú pópó láti ìgbà èwe mi rọra bọ́ sẹ́yìn, ó ní òun gbàgbé nǹkan nílé. Ìyàwó rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú.

Màmá Fadérera ká aṣọ rẹ̀ sókè kó má baà tutù, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọpọ́n.

"Ìbíwùmí, gbé ìwé kejì wá."

Mo gbé e wá. Omi ṣàn, ọpọ́n mì, iná osùn tún tàn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ni Ayẹ̀wéwò wí.

"Ìwọ náà kú iṣẹ́," ni Màmá dáhùn. "Sọ ọ́."